Bí IT nínú iṣẹ́ cybersecurity (ààbò kọ̀ǹpútà) ṣe lè di ẹ̀kọ́ gidi fún ọmọ Àkúrẹ́

Bí àsìkò IT, ìyẹn àsìkò tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga fi ń kọ́ṣẹ́ níbi iṣẹ́, bá ti ń súnmọ́ ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà l'Àkúrẹ́, ìbéèrè kan náà làwọn ọmọ máa ń bi ara wọn: "Ibo lo rí?" Ẹni tó bá rí iléeṣẹ́ ńlá l'Ékòó, gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ á bá a yọ̀. Ẹni tó bá rí ọ́fíìsì kékeré kan ní Alágbàká, ohùn rẹ̀ á lọ sílẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Lójú tèmi, ìbéèrè yẹn kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé ọ lọ́wọ́, ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn rẹ, àti ohun tí o kọ sílẹ̀ nípa rẹ̀ ló máa sọ bóyá o kọ́ṣẹ́ tàbí o kàn lo oṣù 6 nínú ilé tó ní AC. Àwọn ọmọ wà tí wọ́n ti ilé gogoro padà dé láìfọwọ́ kan log (àkọsílẹ̀ tí kọ̀ǹpútà ń ṣe nípa ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí rẹ̀) kan ṣoṣo. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé ibi tí sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn kọ̀ǹpútà yòókù) rẹ̀ kò ju méjì lọ ni wọ́n ti kọ́ ohun tí wọ́n fi ń jẹun lónìí.

Ètò SIWES, tí Industrial Training Fund (ITF) dá sílẹ̀ lọ́dún 1973, ló sọ ọ́ di dandan kí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga jáde lọ kọ́ṣẹ́ níbi iṣẹ́ gan-an. Oṣù 6 ni ti yunifásítì, oṣù 4 ni ti pólì. FUTA ní ẹ̀ka Cyber Security tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ Computer Science tàbí ẹnjiníà tó fẹ́ irú iṣẹ́ yìí náà lè tẹ̀ lé ohun tí mo fẹ́ sọ, yálà Àkúrẹ́ ló wà, tàbí Rufus Giwa ní Ọ̀wọ̀, Àkùngbá, tàbí Elizade ní Ìlárá-Mọ̀kín.

Ìgbésẹ̀ kìíní: múra sílẹ̀ kí lẹ́tà tó jáde

Ẹni tó bá dé ọ́fíìsì láì mọ ohun tí IP address (adirẹsi tí a fi ń dá kọ̀ǹpútà mọ̀ lórí network) jẹ́, oṣù méjì àkọ́kọ́ ni yóò fi kọ́ ohun tó yẹ kó ti mọ̀ láti ilé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á sì ti sú ọ̀gá kí iṣẹ́ gidi tó dé. Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí o mọ̀ kí o tó lọ: bí wọ́n ṣe ń lo Linux (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows) lórí terminal (ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà), bí kọ̀ǹpútà méjì ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí network, àti bí wọ́n ṣe ń ṣí fáìlì log kí wọ́n sì wá ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀. Ìyókù, wọ́n lè kọ́ ọ níbẹ̀.

Kò dìgbà tí o bá sanwó. Bandit, eré ìdánrawò tó wà lórí wẹ́ẹ̀bù OverTheWire, ọ̀fẹ́ ni. SSH (ọ̀nà tí a fi ń wọ kọ̀ǹpútà mìíràn láti òkèèrè) nìkan ló ń lò, nítorí náà dátà díẹ̀ ló ń jẹ, o sì lè fi fóònù ṣe é bí laptop rẹ bá wà lọ́dọ̀ atúnṣe. Bí o bá dé ìpele 15 níbẹ̀ láì wo ìdáhùn ẹlòmíràn, o ti ṣetán ju ọ̀pọ̀ lọ. picoCTF, ìdíje ìdánrawò tí Yunifásítì Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà ń ṣe, ọ̀fẹ́ lòun náà.

Bí laptop rẹ bá ní RAM 8GB, fi VirtualBox (sọ́fúwíà tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mìíràn ṣiṣẹ́ nínú tìrẹ) sí i, kí o gbé Ubuntu server kan àti Kali Linux kan (oríṣi Linux méjì) sínú rẹ̀ kí wọ́n máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Fáìlì Kali tóbi, ó ju 2GB lọ, torí náà ibi tí Wi-Fi wà ni kí o ti wà á sílẹ̀. Fi Juice Shop ti àjọ OWASP sí orí Ubuntu yẹn. Wẹ́ẹ̀bù ni, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kó kún fún ihò tí olè lè gbà wọlé kí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lè rí ibi fi dánra wò láì pa ẹnikẹ́ni lára. Lẹ́yìn tí o bá ti kọlu ẹ̀rọ tìrẹ fúnra rẹ, lọ ka log tí ìkọlù náà fi sílẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ kì í ṣe nìyẹn. Wọ́n á kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọ́ ilé, wọn ò ní kọ́ bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé wọ́n ti fọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ kejì yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ń wá ẹni tó máa bá wọn ṣe.

Ìgbésẹ̀ kejì: wá ibi tí ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ wà

Báǹkì tí o ń rí ní Ọba Adésìdá, ẹ̀ka lásán ni. Àwọn tó ń ṣọ́ network wọn tọ̀sán-tòru wà ní olú iléeṣẹ́, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì wà l'Ékòó. Bí o bá ṣe IT nínú ẹ̀ka náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé pírńtà àti ẹ̀rọ ATM ló máa gba gbogbo ọjọ́ rẹ.

Ibi tí mo máa kọ́kọ́ wò ní Àkúrẹ́ ni ẹ̀ka ICT ti yunifásítì, ilé-ìwòsàn tó ń fi kọ̀ǹpútà tọ́jú ìwé aláìsàn, iléeṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn tó ń kọ sọ́fúwíà fún oníbàárà, báǹkì alábọ́dé tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà nílùú, àti ọ́fíìsì ìjọba tó ní sáfà tirẹ̀. Ní irú ibẹ̀, ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú rẹ. Nǹkan bá bàjẹ́ báyìí, wàá rí i bó ṣe dìde, ibi tó kọ́kọ́ wò, àti ohun tó sọ fún ọ̀gá àgbà lórí fóònù. Ẹ̀kọ́ ńlá ni.

Nígbà tí o bá mú lẹ́tà lọ, má kàn jókòó máa dúró de ìdáhùn. Fi ọ̀wọ̀ béèrè nǹkan mẹ́rin:

- Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ni yóò máa yẹ iṣẹ́ mi wò, ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀?
- Irú log wo lẹ ń kó jọ níbí, ṣé ẹ máa jẹ́ kí n kà á?
- Kí ni ẹni tó ṣe IT kẹ́yìn lọ́dọ̀ yín ṣe?
- Ṣé ẹ lè kọ ohun tí mo lè fọwọ́ kàn àti ohun tí mi ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn sílẹ̀ fún mi?

Ìbéèrè kẹta yẹn ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù. Bí wọ́n bá ní, "Ó ṣèrànwọ́ fún wa gan-an, ọmọ dáadáa ni," ọmọ náà kò ṣe nǹkan kan tí wọ́n lè rántí. Bí wọ́n bá ní, "Òun ló to gbogbo kọ̀ǹpútà wa jọ sínú ìwé, a ṣì ń lo ìwé náà," gba ibẹ̀, kódà bí àga ibẹ̀ bá ti ya.

Ibi tí wọ́n bá ti ní kí o san owó ńlá kí wọ́n tó gbà ọ́, ilé ẹ̀kọ́ ni, kì í ṣe ibi iṣẹ́. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ lè dára o, ṣùgbọ́n kò sí oníbàárà níbẹ̀, kò sí ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni gbára lé, kò sì sí ohun tó máa bàjẹ́ bí o bá sùn. Mi ò ní gba ọmọ mi níyànjú pé kó fi oṣù IT rẹ̀ síbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: gba àṣẹ lórí ìwé

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí o fara balẹ̀ jù, nítorí ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí lè fi ìtara lásán kó sí wàhálà òfin.

Òfin Cybercrimes Act ti 2015, tí wọ́n tún ṣe ní 2024, sọ ní abala kẹfà rẹ̀ pé ẹni tó bá wọ ètò kọ̀ǹpútà láì gbàṣẹ, fún jìbìtì, tó sì gba ìwífún tó ṣe pàtàkì fún ààbò orílẹ̀-èdè, lè ṣẹ̀wọ̀n tó tó ọdún 5, tàbí kó san owó ìtanràn tó tó mílíọ̀nù 5 náírà, tàbí kó gba méjèèjì. Abala mìíràn nínú òfin kan náà wà fún oríṣiríṣi àṣemáṣe lórí kọ̀ǹpútà. "Mò ń kọ́ṣẹ́ ni" kò sí nínú ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ pé ó lè gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Nítorí náà, kí ọ̀gá rẹ tó ní, "Fi Nmap (sọ́fúwíà tó ń wá àwọn ẹ̀rọ tó wà lórí network) wo network wa," ó gbọ́dọ̀ ti wà lórí ìwé tàbí nínú email pé: ẹ̀rọ wo, láti adirẹsi wo dé adirẹsi wo, ọjọ́ wo, aago wo, àti ta ni wàá pè bí nǹkan bá dúró. Mo mọ̀ pé ní àdúgbò wa, ọmọdé tó bá ní kí àgbà kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lè dà bí ẹni tí kò gbà á gbọ́. Ọ̀nà tó rọrùn ni kí ìwọ fúnra rẹ kọ ọ́, kí o sì fi ránṣẹ́: "Ẹ káàárọ̀ sà. Mo fẹ́ rí i dájú pé mo gbọ́ yín dáadáa. Ẹ ní kí n yẹ ẹ̀rọ tó wà ní yàrá account wò lọ́la láti aago 4 sí 6 ìrọ̀lẹ́, kí n má sì fọwọ́ kan sáfà tó ń san owó-oṣù. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni sà?" Bó bá ti dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, o ti ní àṣẹ lọ́wọ́, ojú kò sì ti ẹnikẹ́ni.

Àṣẹ yẹn kò kọjá ibi tí wọ́n kọ sínú rẹ̀. Wẹ́ẹ̀bù ilé-ẹ̀kọ́ rẹ kò sí nínú rẹ̀. Wi-Fi aládùúgbò kò sí nínú rẹ̀. Bí o bá ṣèèṣì rí ihò níbi tí wọn ò rán ọ dé, dúró, kọ ohun tí o rí, sọ fún ọ̀gá, má tẹ̀síwájú láti "wò ó bóyá ó ṣí lóòótọ́."

Ohun kejì tó wà nínú ìwé ni àṣírí. Ìwọ yóò rí NIN ènìyàn, BVN, owó-oṣù, èsì àyẹ̀wò aláìsàn. Òfin ìdáàbòbò dátà ti Nàìjíríà, Data Protection Act ti 2023, mú iléeṣẹ́ náà ní dandan láti ṣọ́ wọn. Má ya fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà sórí status WhatsApp, kódà bí ó bá jẹ́ pé ojú rẹ lo fẹ́ kí wọ́n rí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ka ohun tí wọ́n ní

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó dára jù fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ni èyí tí àwọn ọmọ kórìíra jù: kí o lọ láti yàrá dé yàrá, kí o máa kọ kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Orúkọ ẹ̀rọ, ẹni tó ń lò ó, Windows tàbí Linux wo ló wà lórí rẹ̀, ìgbà tó gba update kẹ́yìn, antivirus, ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Kọ ráútà àti kámẹ́rà ara ògiri pẹ̀lú, torí kọ̀ǹpútà làwọn náà, password tí wọ́n gbé wá láti iléeṣẹ́ sì sábà máa ń wà lórí wọn síbẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn nìyí. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2017, Microsoft gbé àtúnṣe MS17-010 jáde fún ihò kan nínú Windows. Ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, WannaCry, sọ́fúwíà burúkú kan, gba inú ihò náà wọlé, ó sì ti fáìlì àwọn ènìyàn pa káàkiri ayé. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwòsàn ní Ìlú Ọba ló dá iṣẹ́ dúró. Àtúnṣe ti wà nílẹ̀ fún nǹkan bí oṣù méjì. Ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni kò rántí, tàbí tí ẹnikẹ́ni kò ráyè fún, ló ṣí ilẹ̀kùn. Ìwé àkójọ tí o ń fi ẹsẹ̀ rìn kọ yẹn ló ń jẹ́ kí wọ́n rí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí o bá ń kọ ọ́, béèrè ibi tí backup (ẹ̀dà fáìlì tí wọ́n fi pamọ́) wà. Wọ́n á nawọ́ sí hard disk kan. Bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n gbìyànjú kẹ́yìn láti gba fáìlì padà láti inú rẹ̀. Bí wọ́n bá wo ara wọn lójú, o ti rí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀: gba àṣẹ, mú fáìlì kan nínú backup, gbé e padà sórí ẹ̀rọ mìíràn, ṣí i, kọ iye ìṣẹ́jú tó gbà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: jókòó ti log

Bí o bá mú ohun kan ṣoṣo kúrò nínú IT rẹ, jẹ́ kó jẹ́ èyí. Wo ìlà mẹ́ta yìí. Mo ṣe wọ́n fún àpẹẹrẹ ni. Adirẹsi tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 203.0.113, wọ́n ti yà á sọ́tọ̀ fún àpẹẹrẹ nínú ìwé, kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni.

Mar 11 23:38:02 web1 sshd[2214]: Failed password for invalid user admin from 203.0.113.45 port 51122 ssh2

Mar 11 23:38:05 web1 sshd[2216]: Failed password for root from 203.0.113.45 port 51140 ssh2

Mar 11 23:41:50 web1 sshd[2301]: Accepted password for adunni from 203.0.113.45 port 52008 ssh2

Ìlà kìíní: ẹnìkan gbìyànjú láti wọ sáfà tó ń jẹ́ web1 pẹ̀lú orúkọ "admin." "Invalid user" fi hàn pé kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí ẹ̀rọ náà. Ìlà kejì: ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta lẹ́yìn náà, adirẹsi kan náà gbìyànjú root, àkáǹtì tó ní gbogbo àṣẹ lórí ẹ̀rọ. Sáfà èyíkéyìí tó bá kọjú sí íntánẹ́ẹ̀tì ń rí irú èyí tọ̀sán-tòru, ẹ̀rọ ló ń ṣe é, kì í ṣe ènìyàn. Ọmọ tó bá sáré lọ pe ọ̀gá nítorí ìlà méjì yìí nìkan kò tíì mọ iṣẹ́ náà.

Ìlà kẹta ló yí ọ̀rọ̀ padà. "Accepted": wọ́n ti wọlé. Adirẹsi kan náà ni. Bó bá jẹ́ pé Adunni gbàgbé password rẹ̀ ni, orúkọ tirẹ̀ ni ìbá máa kùnà, kì í ṣe admin àti root. Nísinsìnyí, bi ara rẹ ní ìbéèrè: ṣé ó yẹ kí Adunni máa wọ sáfà yìí látìta? Ibo ló ti sábà máa ń wọlé? Kí ni àkáǹtì rẹ̀ ṣe lẹ́yìn 23:41? Ṣé ó lo sudo (àṣẹ tó ń fún àkáǹtì lásán ní agbára root)? Ṣé orúkọ tuntun kan yọjú lórí ẹ̀rọ lẹ́yìn náà?

Wo aago náà dáadáa. Ọ̀pọ̀ sáfà ló ń lo UTC (aago tí gbogbo ayé fi ń ṣe òdiwọ̀n), wákàtí kan sì ni Nàìjíríà fi ṣáájú rẹ̀. Aago 23:41 ọjọ́ 11 lórí sáfà ti di aago 12:41 òru ọjọ́ 12 ní Àkúrẹ́. Bí o bá lọ bi Adunni pé níbo ló wà lálẹ́ ọjọ́ 11, àṣìṣe lo ti bẹ̀rẹ̀ yẹn, ó sì lè dáhùn tòótọ́ kí ìdáhùn náà ṣì ṣì ọ́ lọ́nà. Kọ àkókò méjèèjì sílẹ̀ nígbà gbogbo, ti sáfà àti ti ibí. Ó tún ní ìdí mìíràn: bí ìwífún àwọn ènìyàn bá ti jáde lọ́nà tó lè pa wọ́n lára, Data Protection Act fún iléeṣẹ́ ní wákàtí 72 láti ìgbà tó mọ̀ láti fi tó àjọ tó ń mójú tó dátà létí. Ẹni tó kọ́kọ́ rí i, tó sì kọ aago tó rí i sílẹ̀, iṣẹ́ ńlá ló ṣe.

Lẹ́yìn èyí, má pa sáfà, má tún un tàn, má pa fáìlì kankan rẹ́. Ohun tó wà nínú RAM máa ń lọ bí ẹ̀rọ bá kú, ó sì lè jẹ́ pé ibẹ̀ ni ẹ̀rí wà. Ṣe ẹ̀dà log náà síbi tó ní ààbò, kí o pe ọ̀gá.

Fún ọ́fíìsì tí kò lówó fún sọ́fúwíà ńlá, Wazuh wà, ọ̀fẹ́ ni. Ó máa ń kó log láti ẹ̀rọ púpọ̀ jọ síbì kan, á sì máa ṣe ìkìlọ̀. Bí ọ̀gá rẹ bá gbà kí o gbé e kalẹ̀ fún ẹ̀rọ méjì-mẹ́ta, o ti rí iṣẹ́ tó lè gba oṣù kan. Ìkìlọ̀ rẹ̀ á pọ̀ ju bó ti yẹ lọ ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí o ṣe ń yọ èyí tí kì í ṣe òtítọ́ kúrò láì pa ojú ẹ̀rọ náà dé ni ọgbọ́n ibẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: kọ́ bí a ṣe ń bá àwọn òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀

Ìwé kì í sábà kọ́ni ní èyí. Ọmọ ọdún 21 ni ọ́, obìnrin tó jọ ìyá rẹ lọ́jọ́ orí lo fẹ́ lọ bi nípa àkáǹtì rẹ̀. Kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá, torí pé nígbà mìíràn ẹni tí o fẹ́ lọ bi lè jẹ́ ẹni tí wọ́n ń wádìí. Bó bá ní kí o lọ, ó lè rí báyìí:

"Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ má bínú pé mo dí yín lọ́wọ́. Mo rí i pé wọ́n fi orúkọ yín wọ sáfà lẹ́yìn aago méjìlá òru. Ṣé ẹ̀yin ni, mà?"

"Aago méjìlá òru kẹ̀? Ṣé o fẹ́ sọ pé mo wá jalè ni?"

"Rárá o, mà. Ó jọ pé ẹlòmíràn ló ń lo orúkọ yín, a sì fẹ́ dí i lọ́nà kó tó kó bá yín. Ẹ ò ní sọ password yín fún mi o. Ẹnikẹ́ni tó bá béèrè rẹ̀, kódà bó bá ní ọ́fíìsì wa ló rán òun, ẹ má fún un."

Wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe fi obìnrin náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ. Bí ara rẹ̀ bá ti balẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á sọ pé, "Ẹ̀n, mo gba email kan lọ́sẹ̀ tó kọjá o, wọ́n ní kí n tún password mi ṣe." O ti rí ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní kó jẹ́ kí o wo email náà láì tẹ ohunkóhun nínú rẹ̀: ṣí header rẹ̀ (àkọsílẹ̀ ibi tó ti wá), wo bóyá SPF àti DKIM (àyẹ̀wò méjì tó ń fi hàn bóyá email wá láti ibi tó sọ) kọjá, fi adirẹsi tó fara hàn wé èyí tí èsì máa lọ bá.

Ọ̀gá àgbà kan tún lè pè ọ́ pé kí o fún òun ní password admin kíákíá. Má sọ pé rárá sí i lójú. Sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí n fi tó ọ̀gá mi létí, sà, ká lè ṣe é bó ṣe yẹ," kí o sì lọ fi tó ọ̀gá rẹ létí lóòótọ́.

Ní ti ọ̀gá rẹ, abéèrè kì í ṣìnà, àmọ́ má lọ lọ́wọ́ òfo. Sọ ohun tí o fẹ́ ṣe, ohun tí o gbìyànjú, ibi tó ti dúró. Tọrọ ìdajì wákàtí lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan lọ́sẹ̀, ọjọ́ kan náà ní gbogbo ìgbà.

Ìgbésẹ̀ keje: kọ logbook bí ẹni tó ń kọ ẹ̀rí

"Lónìí mo kọ́ nípa ààbò network." Irú èyí ló kún inú logbook tó pọ̀ jù, kò sì sí ẹni tó lè fi í mọ ohun tí o lè ṣe. Fi èyí wé e: "Mo ka log sáfà wẹ́ẹ̀bù fún ọjọ́ márùn-ún. Mo rí ìgbìyànjú wíwọlé láti adirẹsi mẹ́ta. Mo fi hàn pé ọ̀kan wọlé. Mo dábàá pé kí wọ́n fi key (fáìlì tó ń ṣiṣẹ́ bíi kọ́kọ́rọ́) rọ́pò password fún SSH. Ọ̀gá gbà, a ṣe é lọ́jọ́ Ẹtì, mo sì yẹ̀ ẹ́ wò." Ẹni tó bá ka èyí nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́ á rí ohun bi ọ́, ìwọ náà á sì rí ohun sọ.

Kíyè sí i pé kò sí adirẹsi gidi níbẹ̀, kò sí orúkọ oníbàárà, kò sí orúkọ ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀ ọwọ́ ni logbook ń kọjá: olùkọ́ tó ń bẹ̀ ọ́ wò, òṣìṣẹ́ ITF, àwọn tó máa gbọ́ àlàyé rẹ ní ilé-ẹ̀kọ́. Kúlẹ̀kúlẹ̀ tó lè ran olè lọ́wọ́, inú ìwé iléeṣẹ́ ni kó wà.

Bí ibẹ̀ kò bá dára

Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá kọjá tó jẹ́ pé fọ́tòkọ́pì àti ríra oúnjẹ ọ̀sán ni wọ́n ń rán ọ, lọ bá ọ̀gá pẹ̀lú iṣẹ́ kan pàtó lọ́wọ́: "Sà, ẹ jẹ́ kí n to àkójọ àwọn kọ̀ǹpútà wa," tàbí dídán backup wò. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá kò níkà nínú, wọn ò kàn ráyè ronú iṣẹ́ fún ọ ni. Bó bá ṣì kọ̀, tètè lọ rí ẹni tó ń bójú tó SIWES ní ilé-ẹ̀kọ́ rẹ láti yí ibẹ̀ padà. Ní oṣù kìíní, ó ṣì ṣeé ṣe. Ní oṣù kẹrin, o ti pẹ́ jù.

Ibi tí wọ́n bá ti ní kí o bá wọn wọ àkáǹtì ẹnìkan láì jẹ́ kó mọ̀, kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí o sì sọ fún ilé-ẹ̀kọ́.

Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn

Jẹ́ kí ọ̀gá rẹ ka ìròyìn rẹ kí o tó gbé e lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, kó yọ ohun tí kò yẹ kó jáde. Béèrè bóyá o lè fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó máa fẹ́ gbà ọ́ síṣẹ́. Fi ìwé bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́ sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ, pàápàá bí o bá gbé Wazuh kalẹ̀. Pa gbogbo ẹ̀dà log àti fáìlì iléeṣẹ́ tó wà lórí laptop rẹ rẹ́, lójú ọ̀gá rẹ bó bá ṣeé ṣe.

Lọ́jọ́ tí o máa lọ, ṣe ìwé gbogbo àkáǹtì tí wọ́n ṣí fún ọ: email, VPN, sáfà, Wi-Fi, ẹgbẹ́ WhatsApp ti ọ́fíìsì. Ní kí wọ́n ti wọn pa níṣojú rẹ. Lẹ́yìn náà, kí ọ̀gá rẹ dúró tì ọ́, kí o gbìyànjú láti wọlé sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kí ẹ sì máa fàmì sí i nínú ìwé náà bó bá ti ń kọ̀ fún ọ.